Ìyàwó Ta Ni Yóò Jẹ́ Ní Àjíǹde?

Bíbélì kíkà: Mátíù 22:23–33, Lúùkù 20:27–38, Diutarónómì 25:5–10, 1 Tẹsalóníkà 4:13–18.

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí ti inú ìbéèrè ìyá kan ní kíláàsì wa jáde. Ọkọ ìyá yìí àkọ́kọ́ kú nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì jọ gbé pọ̀ ní àlàáfíà títí tí òun náà fi sùn nínú Olúwa. Ní ọjọ́ náà, a ń sọ̀rọ̀ ìrètí àjíǹde, gbogbo wa ń ṣe àmín, ni ìyá bá ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Bí mo bá dé ọ̀hún, ọ̀dọ̀ èwo nínú àwọn méjèèjì ni n óò lọ?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣèlérí fún un pé a ó jọ wá ìdáhùn nínú Ìwé Mímọ́, nítorí pé wọ́n ti bi Olúwa wa fúnra rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyá fẹ́ mọ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ béèrè kò fẹ́ mọ nǹkan kan.

Àwọn tí ó wá béèrè

Àwọn Sadusí ni. Láti inú ìdílé àwọn olórí àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá Jerúsálẹ́mù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Inú tẹ́ńpìlì ni agbára wọn wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wó tẹ́ńpìlì náà ní ọdún 70, ìròyìn wọn parẹ́. Ìwé márùn-ún ti Mósè ni wọ́n gbójú lé, wọ́n sì ní àwọn kò rí àjíǹde níbẹ̀. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 23:8, ẹ ó rí i pé wọn kò gba àjíǹde gbọ́, wọn kò gba áńgẹ́lì gbọ́, wọn kò sì gba ẹ̀mí gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò kan Olúwa mọ́ àgbélébùú ni wọ́n mú ìbéèrè yìí tọ̀ ọ́ wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ. Ẹni tí wọ́n ń fi àjíǹde ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni ó kù kí òun náà wọ ibojì kí ó sì jáde níbẹ̀.

Ìtàn wọn kò gùn. Ọmọ ìyá méje ni ó wà. Ẹ̀gbọ́n pátápátá gbéyàwó, ó kú láìbímọ. Èyí tí ó tẹ̀lé e ṣú obìnrin náà lópó, òun náà kú láìbímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta, títí dé orí ìkeje. Níkẹyìn obìnrin náà kú. Wọ́n wá ní, bí àwọn òkú bá jí dìde lóòótọ́, ìyàwó ta ni yóò jẹ́, nígbà tí àwọn méjèèje ti fẹ́ ẹ?

Obìnrin náà

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin yìí, nítorí pé nínú àwọn ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ibi kíkà yìí, n kò rántí ẹnìkan tí ó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. A máa ń sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn Sadusí kí a lè bá wọn wí.

Ìgbà méje ni ó ṣọ̀fọ̀. Ìgbà méje ni wọ́n gbé ọkọ jáde lójú rẹ̀. Kò bímọ, kò sì sí àsọjáde kan nínú ìtàn náà tí ó ti ẹnu rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, ọkọ kejì ni yóò kú tí wọn yóò ti máa wò ó lójú burúkú. Ẹ̀kẹta kò ní tíì wọ ilẹ̀ tán tí wọn yóò ti máa sọ pé òun ni ó ń pa wọ́n. Àwọn Sadusí kò bìkítà nípa bí ó ti ń sùn lóru. Àlọ́ lásán ni wọ́n fi í pa.

Òfin tí wọ́n dìrọ̀ mọ́ wà nínú Diutarónómì 25. Bí ọkùnrin kan bá kú láìní ọmọkùnrin, arákùnrin rẹ̀ ni kí ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, kí orúkọ òkú má baà parẹ́ ní Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí. Bí arákùnrin náà bá kọ̀, opó yìí ni yóò dìde lọ sí ẹnu ibodè, yóò ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbààgbà, yóò bọ́ bàtà ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, yóò sì tutọ́ sí i lójú. (Àwọn ìyá tí a jọ kà á ní kíláàsì pàtẹ́wọ́ níbí yìí, mo sì ní láti pè wọ́n padà sínú ẹ̀kọ́.) Òfin Mósè fún opó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àwọn Sadusí ni wọ́n gba ẹnu náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹrù ogún.

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ṣíṣú opó fún wa. N kò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa: ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà di ẹni àtì nínú agboolé, àwọn kan sì ṣe é pẹ̀lú àánú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a pín ogún, tí a ka oko, tí a ka ilé, tí a sì ka ìyàwó mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti di ti Sadusí nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí wọn kì í fi ipá ṣú opó lópó mọ́. Àwọn tí ó ń wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé àti ìwé báńkì lọ́wọ́ opó kí òkú tó kúrò ní mọ́ṣúárì ńkọ́? Àwọn tí ó ń ní kí ó búra pé òun kò mọ̀ nípa ikú ọkọ òun ńkọ́? Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá ti ka fífi ìyà jẹ opó mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ èyí.

Ìdáhùn Olúwa wa

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá sùn ni à á jí, a kì í jí apirọ́rọ́. Àwọn Sadusí pirọ́rọ́, síbẹ̀ Olúwa dá wọn lóhùn. Ó ní wọ́n ṣìnà, nítorí pé wọn kò mọ Ìwé Mímọ́, wọn kò sì mọ agbára Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti Ìwé Mímọ́. Olúwa ì bá mú Dáníẹ́lì 12:2 tàbí Aísáyà 26:19, níbi tí ọ̀rọ̀ àjíǹde ti hàn gbangba. Kò mú wọn. Inú ìwé Mósè tí àwọn Sadusí gbójú lé gan-an ni ó lọ, sí Ẹ́kísódù 3:6, níbi tí Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ láti inú igbó tí ń jó, tí ó pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù. Nígbà tí Ọlọ́run ń sọ èyí, ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti sin Ábúráhámù sínú ihò Mákípẹ́là. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sọ pé òun jẹ́ Ọlọ́run rẹ̀ nígbà kan rí.

Ẹ wo bí àwa ti ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ti kú, a ó fi “olóògbé” ṣáájú orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, nínú àdúrà ìdúpẹ́, lórí káàdì ìpè, olóògbé báyìí báyìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ojú wa mọ nìyẹn. Ọlọ́run kò fi olóògbé ṣáájú orúkọ Ábúráhámù. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó wà láàyè ni.

Ìrètí Kristẹni kò dúró lórí pé ọkàn ènìyàn ní agbára kan nínú ara rẹ̀ tí ikú kò lè borí. Kò sì dúró lórí àwọn ọmọ tí a fi sílẹ̀ láti jẹ́ orúkọ wa. (Ibi tí ìrètí àwọn Sadusí mọ nìyẹn, obìnrin wọn kò sì bímọ, nítorí náà wọn kò ní ohun kan láti sọ fún un.) Ó dúró lórí Ọlọ́run tí kì í jọ̀wọ́ ẹni tí ó bá ti pè ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí a bá ń sọ fún ọmọ tuntun pé ìyá àgbà ni ó padà dé. Kò sí ohun tí ó burú nínú orúkọ Yétúndé tàbí Bàbátúndé fún ìrántí. Ṣùgbọ́n Sárà kò di ẹlòmíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyá rẹ kò sì di ọmọ rẹ. Òun fúnra rẹ̀, ní orúkọ ara rẹ̀, ni Olúwa yóò pè ní ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó

Ibi tí ó le fún àwọn kan nínú wa ni a dé yìí. Olúwa ní ní àjíǹde, wọn kì í gbéyàwó, a kì í sì í fi wọ́n fún ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa. Nínú ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan wà tí ó bá ọkọ rẹ̀ gbé ogójì ọdún, tí wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní àràárọ̀, tí fìlà ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn títí di òní. Bí o bá ka ẹsẹ yìí fún un láìṣọ́ra, o ti gún un lọ́kàn. Obìnrin mìíràn sì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí àpá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, oníwàásù ní kí ó tújú ká, pé wọn yóò tún padà máa gbé pọ̀ lọ́run. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó fà á.

Olúwa mọ àwọn méjèèjì, ìdáhùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Lúùkù ni ó kọ ìdí tí Olúwa fi sọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: wọn kò lè kú mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ òfin opó yẹn, ikú ni ó fà á. Nítorí pé ènìyàn ń kú ni a ṣe ń wá ẹni tí yóò jẹ́ orúkọ, ẹni tí yóò jogún, ẹni tí yóò bójú tó ìyàwó tí ó kù. Níbi tí ikú kò sí, iṣẹ́ yẹn ti parí. Ohun tí ó tán ni “ta ni ó ni ín.” “Ta ni ó fẹ́ràn rẹ̀” kò tán, nítorí 1 Kọ́ríńtì 13:8 sọ fún wa pé ìfẹ́ kì í yẹ̀.

Ṣé a ó mọ ara wa? Olúwa kò sọ pé a kò ní mọ ara wa. Ní òwúrọ̀ àjíǹde, Màríà Magidalénì kò kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, ó rò pé olùtọ́jú ọgbà ni. Ìgbà tí ó gbọ́ tí ó pe orúkọ rẹ̀ ni ó dá a mọ̀ (Jòhánù 20:16). Ara tí ó jí dìde yàtọ̀, síbẹ̀ ohùn náà kò yàtọ̀, àpá ìṣó sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà tí òkú ń dùn, ohun tí ó fi tù wọ́n nínú ni pé àwọn tí ó ti lọ àti àwọn tí ó kù yóò jọ wà pọ̀ pẹ̀lú Olúwa. Ìtùnú wo ni yóò wà nínú ìyẹn bí a kò bá ní dá ara wa mọ̀? Pọ́ọ̀lù kò sì kọ ẹkún fún wọn o. Ó ní kí wọ́n má ṣe sunkún bí ẹni tí kò ní ìrètí. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún ní ibojì Lásárù, ẹni tí ó mọ̀ pé òun máa jí láìpẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé ilé ọ̀fọ̀ tí ó ń jágbe mọ́ opó pé onígbàgbọ́ kì í sunkún, kò gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Olúwa.

Fún arábìnrin wa kejì, kò sí ilé kan lọ́run tí wọn yóò ti fà á padà sí abẹ́ ìkúùkù. Bí ọkọ rẹ̀ bá ronú pìwà dà, tí ó sì dé ibẹ̀ nípa oore-ọ̀fẹ́, ọkùnrin mìíràn ni yóò bá pàdé, ẹni tí Ọlọ́run ti wẹ̀ mọ́.

Ẹ tún wo orúkọ tí Olúwa pe àwọn tí ó jí dìde nínú Lúùkù 20:36. Ó pè wọ́n ní ọmọ Ọlọ́run, ọmọ àjíǹde. Àwọn Sadusí bi í pé ìyàwó ta ni. Ó dáhùn ọmọ ta ni. Obìnrin tí ọwọ́ ọkùnrin méje ti kọjá lórí rẹ̀, tí kò bímọ, tí kò ní orúkọ nínú ìtàn, ọmọ Ọlọ́run ni.

Baba wa nínú Ìjọ

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà rí àpẹẹrẹ èyí nílé wa. Nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní oṣù kìíní ọdún 1838, ó mú ìyàwó rẹ̀ Elizabeth dání. Oṣù méjì kò pé tí Elizabeth fi kú. Ó tún fẹ́ Lucinda, ẹni tí ó bá a wá sí Áfíríkà ní ọdún 1841. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà, Lucinda kú. Ìgbà tí Freeman fi máa gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, níbi tí a ti ń ka ọjọ́ ìbí Ìjọ wa ní ilẹ̀ yìí, kò tíì ju oṣù mẹ́tàlá lọ tí ó sin ìyàwó rẹ̀ kejì. Ní ọdún 1854 ó fẹ́ obìnrin Fante kan, ẹni tí ó bí àwọn ọmọ rẹ̀. Freeman kú ní Àkìrá ní ọdún 1890.

Bí Sadusí kan bá dúró níwájú Freeman, yóò bi í pé ọkọ ta ni yóò jẹ́. Mo máa ń ro ti ọkùnrin yìí bí mo bá gbọ́ ìtàn Àgbádárìgì. Àwọn ènìyàn ń yọ̀ pé ìyìn rere dé. Ẹni tí ó gbé e dé ní ibojì méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń wàásù àjíǹde.

John Wesley náà, ní oṣù kìíní ọdún 1791, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 87, jókòó kọ ìwàásù kan lórí Hébérù 11:1. Ó ń ro ibi tí ẹ̀mí àwọn tí ó ti lọ wà àti bí wọ́n ti ń wà níbẹ̀. Ohun púpọ̀ ni ó fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún náà, òun náà lọ. Bí Wesley bá lè gbà pé ojú òun kò tó gbogbo rẹ̀, kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nínú wa láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí opó bá bi wá léèrè.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, àwọn opó ni ó yí òkú rẹ̀ ká, tí wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó rán fún wọn han Pétérù. Àwọn opó yìí ní ẹ̀rí lára wọn pé ẹnìkan kà wọ́n sí ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó gba àjíǹde gbọ́ ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yẹ. Aṣọ ẹbí tí a ń rà fún ìsìnkú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, n kò ní kí a má rà á, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó padà lọ sí ilé opó náà ní oṣù kẹta? Nígbà tí ẹbí bá dé láti béèrè kọ́kọ́rọ́, ta ni nínú wa tí ó jókòó tì í? Kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí kò ní kúrò lọ́dọ̀ opó títí ètò ìsìnkú yóò fi parí, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí láìbẹ̀rù.

Mo lọ sí ilé ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀, mo ka ibi kíkà yìí fún un, mo sì sọ ohun tí mo ti kọ sókè yìí. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Ṣé àwọn méjèèjì yóò mọ̀ mí?” Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín wàyí. Ó ní, “Kí wọ́n ṣáà má bá ara wọn jà nítorí mi ni.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní ohun tí ó ń dá òun lójú jù ni pé Jésù kò fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Fún ìjíròrò ní kíláàsì

Kí ni a máa ń sọ fún opó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èwo nínú rẹ̀ ni ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn opó tí ó wà láàárín yín kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ tún ka Diutarónómì 25:7–10. Ní ìlú tiyín, níbo ni ẹnu ibodè wà lónìí, tí opó lè lọ ro ẹjọ́ rẹ̀?

Bí Ọlọ́run kò bá pe àwọn òkú wa ní olóògbé, báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa dárúkọ wọn nínú àdúrà?